Ìbú Àti Òòró

Ọjọ́bọ̀ ni ìwé ìròyìn abúlé wọn máa ń jáde,
ojú ewé mẹ́jọ tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan há pọ̀.
Tegwen kì í wo ẹni tó kú, kì í wo ẹni tó ń ta àgùntàn.
Ẹ̀yìn ló ń ṣí sí tààrà,
níbi tí àpótí funfun ti ń bá àpótí dúdú pín ilé gbé.
Ó fi ọ̀bẹ tó fi ń bó ọ̀dùnkún gbẹ́ pẹ́ńsùlù rẹ̀ lẹ́nu.
Báírò ni ti Idwal, ọkọ rẹ̀.
Ogójì ọdún ló fi wa ọkọ̀ apẹja létí òkun Llŷn.
Ẹni tó ń fi pẹ́ńsùlù kọ̀wé, ó ní, kò tíì pinnu.

Èmi ni mo máa ń wá wẹ egbò ẹsẹ̀ Idwal.
Bí mo ṣe ń tú báńdéèjì ni mò ń fetí kó èdè Wélsì lẹ́nu wọn.
Mo ti mọ̀ pé wọ́n ní lẹ́tà méjì tí ń gbé inú àpótí kan,
l àti l, d àti d,
bí gb tiwa gẹ́lẹ́:
ẹni tó bá yà wọ́n, ọ̀rọ̀ ló bà jẹ́.

Ìbú, ẹ̀kẹrìnlá: *Ó ń lọ, ó ń bọ̀.*
Lẹ́tà mẹ́ta. M ti jókòó níwájú.

“Môr,” ni Idwal wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Òkun.
“Kí ló tún ń lọ tó ń bọ̀?
Láàárọ̀ a kó omi lọ, nírọ̀lẹ́ a kó o padà.”
“Mis,” ni Tegwen wí. Oṣù.
“Oṣù kì í ṣìnà ilé.
Òkun gbé àbúrò rẹ lọ. Ó ha dá a padà bí?”

Ilé dákẹ́ díẹ̀. Mo tẹ owú bọ omi iyọ̀.

“Wo òòró ná,” ni ọkùnrin náà wí.
Òòró ní: *Ẹyẹ.* Ó parí síbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta.
Bó bá jẹ́ iâr, adìẹ, r ni ìdí rẹ̀, òkun wọlé.
Bó bá jẹ́ eos, ẹyẹ tí ń kọrin lóru,
s ni ìdí rẹ̀, oṣù wọlé.
“Ìwọ ti gbọ́ eos ní etíkun yìí rí?”
“Ìwọ ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni rí adìẹ, kó ní òun rí ẹyẹ?”
Ẹ̀rín pa mí, owú bọ́ lọ́wọ́ mi.
Ẹni tí a pè kó wá làjà,
ó ti jẹun nílé àwọn méjèèjì.

Idwal tiro lọ gbé omi tíì kaná.
Nígbà náà ni Tegwen kọ ọ́,
a, lẹ́yìn náà b,
fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń kọ̀wé sára gíláàsì tí èémí bò.
Mab. Ọmọkùnrin.
Ọdún kan péré ni Gethin ní òun fẹ́ lò ní Trelew,
ní ìsàlẹ̀ Ajẹntínà lọ́hùn-ún, kó fi kọ́ ọmọdé níwèé.
Ọdún kan náà ti pé mọ́kànlá.
Kò sí ẹyẹ onílẹ́tà mẹ́ta tí mo mọ̀ tó fi b parí.
Mo ronú rẹ̀ títí mo fi délé.

Ó fi rọ́bà pa á rẹ́, ó fẹ́ eruku rẹ̀ dànù.
“Ó dáa, fi òkun rẹ sí i,” ló wí nígbà tí ife tíì dé.
Idwal ṣí báírò. Ó tẹ̀ ba ojú ìwé,
ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí ojú tó ń ṣe bàìbàì ṣe máa ń pẹ́ lọ.
Ó dé báírò rẹ̀.
“Tíì yìí ti le jù,” ló wí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìdáhùn jáde.
Mo bá ìwé náà nílẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹ sábẹ́ báàsì mi.
Nígbà tí mo gbé báàsì kúrò, omi ti mu ún,
ẹ̀kẹrìnlá ti wú, yíǹkì rẹ̀ ti ṣàn,
M nìkan ni mo rí kà.
Mo ká a mọ́ owú ìdọ̀tí, mo jù ú sínú àpò.